Àwọ̀n tí wọ́n fi dí ìpá mi ń jó mi: ṣé kí n ní kí wọ́n yọ ọ́?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti ìlú Oǹdó. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bíríkìlà ni mí, ẹni ọdún 41. Oṣù 9 sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi ní apá ọ̀tún, wọ́n sì fi àwọ̀n sí i. Ìpá náà ti lọ, n kò rí wíwú kankan mọ́, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ. Ó máa ń jó mi bí ẹni pé wọ́n fi ata pa mí lára, láti ojú àpá lọ sí inú itan àti sí ẹpọ̀n. Bí ṣòkòtò bá kàn án, mo máa ń fò. Bí mo bá bá ìyàwó mi lò pọ̀, ìparí rẹ̀ máa ń dùn mí débi pé mo ti ń sá fún un, òun náà sì ti ń rò pé mo ní ẹlòmíràn níta. Diclofenac àti tramadol ni mo fi ń gbé ara dìde. Dókítà tó ṣe é ní gbogbo nǹkan dára. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n ń fi sí wa nínú, pé ó ti ń jẹrà níbẹ̀. Ìyá mi ní ọwọ́ ayé ni. Ṣé kí n lọ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arákùnrin mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, ká lè mọ̀ pé ohun kan náà ni a jọ ń sọ. Ìpá lọ, ìrora kò bá a lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà wò ó, ó ní iṣẹ́ òun dára. Ọ̀rẹ́ ti sọ tirẹ̀, ìyá ti sọ tirẹ̀, ìyàwó ń ro tirẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tí ojú yín ń rí lóru, ẹ sì ti ń rò ó pé bí nǹkan àjèjì yẹn bá lè jáde lára yín, ẹ ó sinmi. Mo gbà yín gbọ́. Ó lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ìpá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, mo sì ti rí ìrora yìí lára ẹni tí kò lè purọ́ rẹ̀. Ìdáhùn mi máa gùn, nítorí pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn ṣòro láti tún ṣe bó bá bàjẹ́, àti nítorí pé n kò rò pé àwọ̀n yẹn ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpá fúnra rẹ̀. Nǹkan méjì ni àwọn ènìyàn wa máa ń pè ní ìpá. Omi tó kún inú àpò ẹpọ̀n ń jẹ́ ìpá lẹ́nu wọn, ìfun tó yọ láti inú ikùn wá sí ibi tí itan ti pàdé ikùn náà ń jẹ́ ìpá. Ìkejì yìí ni tiyín. Kí a tó bí ọmọkùnrin, inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n rẹ̀ wà. Ojú ọ̀nà kan ló gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, okùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ àti èyí tó ń gbé àtọ̀ bọ̀ sì ń gba ibẹ̀ títí ayé. Ibẹ̀ ni ògiri ikùn ti fẹ́lẹ́. Bí ikọ́, ẹrù wíwúwo, ìgbẹ́ líle tàbí ọjọ́ orí bá ti ń tì í, ọ̀rá inú tàbí ìfun á gba ibẹ̀ yọ. Nínú 100 ọkùnrin, bí 27 ni yóò ní in kí wọ́n tó kúrò láyé. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ rárá.

Látijọ́, bí ẹni ń rán aṣọ tó ya ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á fa etí méjèèjì pọ̀, wọ́n á rán an. Edoardo Bassini, dókítà ará Ítálì, ló kọ ọ̀nà yẹn jáde ní 1887, iṣẹ́ ńlá ló sì ṣe fún aráyé. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fà kí a tó rán, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá na ara, á tún ya. Ìpá máa ń padà, ẹran ara tí wọ́n fà pọ̀ sì máa ń dunni. Ní àwọn ọdún 1980 ni Irving Lichtenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles sọ ọ́ di mímọ̀ pé kí a má fa nǹkan kan rárá: kí a tẹ́ àwọ̀n lé ojú ibi tó fẹ́lẹ́, kí ẹran ara fúnra rẹ̀ gba ojú ihò àwọ̀n náà hù kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ bíríkìlà máa tètè lóye èyí. Bí ògiri bá là, ẹ ó kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ ó sì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì á gba inú nẹ́ẹ̀tì náà, wọn á di ọ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ yíyọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn tí ọ̀rẹ́ yín sọ kì í ṣe irọ́ tán. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún ìpá, polypropylene ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, irú ike tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Ti iṣẹ́ abẹ mọ́ tónítóní ni, kòkòrò kankan kò sí lára rẹ̀. Ó sì wọ́n. Nítorí pé ó wọ́n ni àwọn dókítà ní Íńdíà àti ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà kan ṣe fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí kò ní oògùn lára dán an wò, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Ní 2016 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Ùgáńdà: ọkùnrin 302, wọ́n fi àwọ̀n olówó pọ́ọ́kú yìí sí apá kan lára, wọ́n fi ti olówó ńlá sí àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan ṣoṣo ni ìpá padà sí lára nínú gbogbo wọn. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ irú rẹ̀ ni wọ́n fi sí yín, ìyẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Kò sí èyí tó ń jẹrà nínú méjèèjì. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ nínú ara, ibà, wíwú, òórùn àti ọyún ló máa ń bá a rìn, ẹ kò sì kọ ọ̀kankan nínú wọn sí mi. Síbẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ irú èyí tó wà lára yín. Ó yẹ kó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà.

Ṣé àwọ̀n lè fa ìrora? Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn. Ó lè ká jọ bí ẹní tí a kò tẹ́ dáadáa, kó di kókó líle tí ènìyàn ń rò lára bó bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá jókòó. Ó lè fara kan okùn ẹpọ̀n. Kòkòrò àrùn lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rán ní ti àtijọ́, tí kò sí fọ́nrán àwọ̀n kankan lára wọn, irú ìrora yìí ń ṣe àwọn náà. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ìpá káàkiri àgbáyé gbé jáde ní 2018 sọ pé nínú 100 ènìyàn tí a ṣe ìpá fún, 10 sí 12 ló ń ní ìrora tó ṣe é kà sí lẹ́yìn oṣù 3, ó sì máa ń dín kù bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Àwọn tó wá le fún débi pé ó dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́, wọ́n wà láàrin ènìyàn 1 nínú 200 sí ènìyàn 6 nínú 100. Ó máa ń ṣe àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré ju àwọn arúgbó lọ, àti àwọn tí ìpá náà ti ń dùn kí a tó là wọ́n, àti àwọn tí ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ le fún gan-an. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ èyí fún yín kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, wọ́n jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀.

Iṣan ìmọ̀lára ni mo fura sí. Mẹ́ta ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ojú ibi tí a ń là gan-an ni wọ́n sì gbà kọjá. Ọ̀kan ń gbé ìmọ̀lára wá láti awọ ìsàlẹ̀ ikùn, ọ̀kan láti inú òkè itan àti ìdí nǹkan ọkùnrin, ẹ̀kẹta ń bá okùn ẹpọ̀n rìn wọ inú àpò. Dókítà lè gé ọ̀kan láìmọ̀. Ó lè fi òwú rán ọ̀kan mọ́ àwọ̀n. Ó sì lè jẹ́ pé kò ṣe àṣìṣe kankan, pé àpá inú ló ń le bó ti ń jinná, tó sì há iṣan náà mọ́ bí gbòǹgbò igi ṣe ń há páìpù omi mọ́. Iṣan tó ti farapa kì í dákẹ́. Á máa ké sí ọpọlọ pé iná ń jó, bẹ́ẹ̀ kò sí iná níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí scan fi máa jáde tí wọn yóò ní kò sí nǹkan: scan ń wo ìfun, omi àti kókó, àwọn iṣan kékeré yìí kì í sábà hàn nínú rẹ̀.

Ìrora iṣan ní ohùn tirẹ̀, etí mi sì ti mọ̀ ọ́n. Ó ń jó bí ata. Ó ń ta bí iná mànàmáná. Ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ lè dùn wọ́n ju kí a tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin lọ, àti pé awọ ibẹ̀ lè kú ní apá kan, tí kò ní mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, kó tún máa ta ní apá kejì. Ìrora àwọ̀n tàbí ti àpá yàtọ̀: ó wúwo, ó ń fà, ó ń dé nígbà tí ènìyàn bá dìde lójijì tàbí tó bá na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹni náà a sì máa sọ pé "ó dà bí pé nǹkan kan wà níbẹ̀." Wọ́n lè wà pọ̀ lára ẹnì kan. Ìrora tó ń bá yín ní ìparí ìbálòpọ̀ jẹ́ kí n rò pé iṣan kẹta, èyí tó ń bá okùn ẹpọ̀n rìn, wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí kí àpá ti fún okùn náà fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ni mo rí, n kò tíì fọwọ́ kàn yín, nítorí náà ìfura ni kí ẹ pè é.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àgbẹ̀ kòkó kan padà wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn tí mo ti ṣe ìpá fún un. Nígbà kọ̀ọ̀kan, mo ní kó wúkọ́, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìpá kò padà, mo sì ní, "Bàbá, gbogbo nǹkan dára." Ìgbà kẹrin, ọmọ rẹ̀ ló bá a wá. Bàbá náà kò lọ sóko mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó fi ìka kan ṣoṣo wá ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo kan ibi kan tí kò ju ojú owó kọ́bọ̀ lọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ní ojú ibẹ̀ ló jẹ́ kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo ti ń wò láti oṣù púpọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi, n kò wo bàbá náà. Ó ṣì ń dùn mí. Dókítà tó sọ fún yín pé gbogbo nǹkan dára lè máa sọ òtítọ́ nípa ìpá. Ìbéèrè tí ẹ bi í kọ́ ló dáhùn.

Kí a tó gbà pé iṣan ni, àwọn nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò lọ́nà. Ìpá lè ti padà ní kékeré tí kò tíì hàn síta. Kóró ẹpọ̀n lè ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n wò ó pẹ̀lú scan. Àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti òkúta inú kíndìnrín lè dunni títí dé ẹpọ̀n. Ẹ̀yìn tó ń dun bíríkìlà lè ju ìrora sí itan. Egungun ìbàdí sì máa ń tan dókítà jẹ: tó bá ti ń bàjẹ́, ibi tí itan ti pàdé ikùn ló ti ń dunni, pàápàá lára àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC, tí egungun ìbàdí wọn tètè ń jẹ. Awakọ̀ kan ní Àkúrẹ́ ti fẹ́ kí a tún òun là nítorí ìpá tí wọ́n ṣe fún un. Nígbà tí a yí ẹsẹ̀ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì, ìbàdí ló ké. Bí a bá ti là á, à bá là á lásán.

Ní ti ìyá yín, ẹ má bá wọn jà. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, àdúrà wọn kò sì lè pa yín lára. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí ojú àpá yẹn tàbí nítòsí rẹ̀, nítorí kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ wọlé tó sì bá àwọ̀n pàdé, ó ṣòro láti lé jáde láìyọ àwọ̀n náà. Ẹ má fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ìpara atanilára pa á. Awọ tó ti kú kì í mọ̀ bó bá ń bó. Mo ti wo egbò iná lójú àpá ìpá rí. Bí ẹ bá ń mu àgbo, pàápàá èyí tí wọ́n fi ògógóró ṣe, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú, nítorí òun àti tramadol lè jọ mú yín sun oorun tí kò dára.

Oògùn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé diclofenac jẹ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Ó ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń ba kíndìnrín jẹ́ láìpariwo, kò sì mọ ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ iṣan tó farapa. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín wò. Tramadol le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bárakú ni. Bí ẹ bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má já a lójijì, kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n sì ń tà ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n ń pè ní 225, ju agbára tí NAFDAC fọwọ́ sí lọ, ẹ sá fún un. Àwọn oògùn tó ń bá iṣan sọ̀rọ̀ yàtọ̀: amitriptyline ní ìwọ̀n kékeré lálẹ́, tàbí gabapentin, tàbí pregabalin. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú: bí ẹ bá ka ìwé inú páálí amitriptyline, ẹ ó rí i pé àwọn tí ìrònú dorí wọn kodò ni wọ́n ń fún. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé dókítà ka ìrora yín sí àìsàn orí. Ìwọ̀n tiyín kéré sí tiwọn, iṣan ló sì wà fún. Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́. Ó ń mú oorun wá, ó sì ń gbẹ ẹnu, nítorí náà ẹ má gun àkàbà tàbí pákó gíga ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì yé gun ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù títí ara yín yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn tàbí tí ìtọ̀ ń nira fún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un.

Ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ dókítà kí n tó béèrè fún ọ̀bẹ ni abẹ́rẹ́. Wọ́n á gún lidocaine, irú oògùn tí oníṣègùn eyín ń gún kó tó yọ eyín, sí ẹ̀gbẹ́ iṣan tí wọ́n fura sí. Bí ìrora náà bá dákẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, a ti mọ ẹni tó ń pariwo. Bí kò bá mì, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ kan tí kì bá tí ràn yín lọ́wọ́. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ gbádùn ju iye wákàtí tí oògùn náà ń lò lọ, a sì lè tún un ṣe. Ní Oǹdó níbẹ̀ àti ní Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn Oǹdó, ni kí ẹ gbà lọ, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ bí ẹ bá ní ẹbí lápá ibẹ̀. Kí ẹ béèrè fún ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń rí aláìsàn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun níbẹ̀ máa ń gún irú abẹ́rẹ́ yìí. Bí wọn kò bá ní i, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn.

Nílé, àwọn nǹkan kéékèèké wà tí mo ti rí agbára wọn. Ẹ wọ pátá tó di ara mú dáadáa, kí aṣọ má máa fò kan ojú àpá. Lálẹ́, ẹ fi òwú rírọ̀ rọra pa ibi tó ń ta yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ lo aṣọ àǹkárá, lẹ́yìn náà táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ ń kọ́ iṣan náà ni pé aṣọ kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn kan a kọ́kọ́ sunkún, oṣù kan lẹ́yìn náà wọ́n ti ń wọ bẹ́líìtì. Ẹ máa rìn. Ọkùnrin kan láti Ìdànrè sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun bá tún gun àtẹ̀gùn 667 ti òkè wọn ni òun yóò gbà pé ara òun ti yá. A fi ṣe àmì: ogún àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ kìíní, ogójì lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbà á tó oṣù mẹ́jọ. Ìgbà tó dé òkè, ìrora náà ṣì wà díẹ̀, ó ní òun kò kà á sí mọ́. Níbi iṣẹ́, kí ènìyàn méjì máa gbé àpò sìmẹ́ńtì, kìlógíráàmù 50 kì í ṣe ẹrù ẹnì kan tí iṣan ń bá jà. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ, kí ẹ mu omi púpọ̀, kí ìgbẹ́ má máa le. Bí ẹ bá ń mu sìgá tí ikọ́ sì ń bẹ lọ́rùn yín, ìyẹn náà ń já àpá yẹn lójoojúmọ́.

Ìyàwó yín. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìrora yìí ti ń jẹ yín jù. Ẹ sọ fún un ní tààrà pé ìparí rẹ̀ ló ń dunni, kí ẹ fi ibi tó ti ń dunni hàn án. Ẹ mú un dání wá sí ilé ìwòsàn, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pé àìsàn yìí wà, ó sì wọ́pọ̀. Mo ti rí ìyàwó tó gbọ́ ọ tán tó bú sẹ́kún, nítorí ohun tó ti ń rò fún odidi ọdún kan.

Wàyí o, yíyọ àwọ̀n. Ẹ rántí nẹ́ẹ̀tì inú ògiri. Bí oníilé kan bá pè yín lẹ́yìn ọdún kan pé kí ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì yẹn kí ẹ má ba ògiri jẹ́, ẹ mọ èsì tí ẹ máa fún un. Ẹran ara ti hù gba inú àwọ̀n náà, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kóró ẹpọ̀n sì lè ti lẹ̀ mọ́ ọn. Yíyọ ọ́ lè ná ènìyàn ní kóró kan. Ìpá lè padà, nítorí ohun tó dí ibẹ̀ ti kúrò. Ìrora sì lè dúró síbẹ̀ wò wá. Iṣẹ́ tó yẹ ẹni tí iṣan ń dà láàmú ni kí a wá àwọn iṣan mẹ́ta yẹn kàn, kí a gé èyí tó jẹ̀bi tàbí gbogbo wọn, kí a yọ àwọ̀n nìkan bí ó bá ti ká jọ tàbí tí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń rí ìtura gidi, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn, awọ apá ibẹ̀ yóò sì kú títí ayé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọ èyí ṣe dáadáa kò pọ̀. Bí kì í bá ṣe pé ìpá padà tàbí pé ọyún ń jáde, èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tún là á kí ọdún kan tó pé, nítorí àwọn tó ń sàn fúnra wọn láàrin ìgbà yẹn pọ̀. Oṣù 9 lẹ dé. Bí ẹ bá lo oògùn iṣan bó ṣe yẹ, tí abẹ́rẹ́ sì fihàn wá pé iṣan kan pàtó ni, tí ẹ kò sì tún lè ṣiṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà sí ìgbà yìí, èmi fúnra mi yóò ní kí ẹ lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí kì í dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín ni kí ibẹ̀ tún wú tí kò ṣe é tì wọlé, pẹ̀lú èébì tàbí àìlè só. Tàbí kí ojú àpá pọ́n, kó gbóná, kó máa sun ọyún. Tàbí kí ẹpọ̀n wú lójijì pẹ̀lú ìrora ńlá. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, bó ṣe òru.

Bí ẹ bá wá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ yín níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí a lè mọ irú àwọ̀n tí wọ́n lò àti bóyá wọ́n rí àwọn iṣan náà lọ́jọ́ yẹn. Kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ jókòó síbi tí iná wà, kí ẹ mú bírò, kí ẹ rọra fi ìka wá ibi tó ń jó, kí ẹ fa ìlà yí i ká lórí awọ, kí ẹ fi àmì X sí ibi tó ti le jù, kí ẹ sì fi ìlà kékeré sí ibi tó ti kú. Ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀ títí dókítà yóò fi rí i.